Ilẹ̀pa Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé wa ní Ìfàkò lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Fèrè ilé iṣẹ́ ni. Ìhà Ìkẹjà ló ti máa ń dún wá, ohùn rẹ̀ gùn, ó sì há bí ohùn ẹni tí ikọ́ kò jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó bá dún lẹ́ẹ̀kíní, bàbá mi á ti máa run orín lẹ́bàá gọ́tà. Kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ti kọjá ojú irin. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á máa pè mí láti inú yàrá: "Yẹ́misí, ṣé omi yẹn ti kún?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, omi pípọn sì ni iṣẹ́ mi. Tóyìn àbúrò mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, á máa fi ṣíbí lu abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, á máa kọ orin tí kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Lábẹ́ gbogbo ariwo yìí ni n óò ti gbọ́ ohùn kan tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kì í yára, tí kì í sì í dẹ́kun: ọmọ ọlọ lórí ìyá ọlọ. Màmá Ìkọ̀lé, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń lọ nǹkan. Kì í ṣe ata. Ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Èkìtì ni wọ́n ti wá, láti Ìkọ̀lé, nígbà tí ìyá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò mójú tó Tóyìn. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n sì gbé èèpo igi kan tí wọ́n dì bí ìdì igi ìdáná. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé wa. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú lóde, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dà kankan lára rẹ̀. Àwọ̀ eérú ló ní. Lọ́jọ́ tí Màmá Ìkọ̀lé dé, wọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi dúró láàárín pálọ̀, tí wọ́n wo ògiri yíká. "Ulé yìí wà ní ìhòòhò," ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe ń pe ilé nìyẹn títí wọ́n fi kúrò lọ́dọ̀ wa, ulé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni mo wà. N óò kun ún." "Ọdún mélòó lo ti wà níbẹ̀?" "Ọdún méje, Màmá." "Ọdún méje," ni àwọn náà tún sọ, wọ́n sì wá sọ ẹrù kalẹ̀. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Mo rí ojú bàbá mi. Ó dùn wọ́n ju èébú lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí aládùúgbò wa kan ń gbẹ́ kànga. Ilẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde pọ́n, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì rí rúsúrúsú bí ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́. Màmá Ìkọ̀lé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ńlá, wọ́n ń ṣa á bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n á mú ògúlùtu kan, wọ́n á fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, wọ́n á ní, "Yanrìn ń bẹ nínú eléyìí," wọ́n á jù ú nù. Èyí tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n ń gbé wálé, tí wọ́n ń lọ̀ lórí ọlọ, tí wọ́n ń rẹ sómi. Wọ́n á rò ó, wọ́n á jẹ́ kí yanrìn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá rọra da omi pupa orí rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn. Ìyẹn ni wọ́n á gbé sílẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á fi wá sílẹ̀. Èyí tó rí rúsúrúsú ní tirẹ̀, inú àpáàdì ni wọ́n ti ń yan án lórí iná bí ẹni ń yan gàrí. Èmi àti Tóyìn a máa lóṣòó síwájú àdògán, a ó máa wò ó. Kò ní pẹ́ tí yóò fi yí padà lójú wa, láti rúsúrúsú sí pupa, pupa tó jìn.

Ìyá Súbú, ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé ilé kejì, fara ti ọgbà lọ́jọ́ kan. "Màmá, ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún wọn ni?" "Bí o bá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, gbé abọ́ rẹ wá." "Háà, ọkọ mi ò ní gbà." "Má sọ fún un. Ṣé gbogbo ohun tí o ń sè ló mọ̀?" Ìyá Súbú rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú lára rẹ̀. Ó wá béèrè ní tòótọ́ pé kí ló dé tí wọ́n ń yan án. Mo rántí ìdáhùn wọn nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ìdáhùn tó péye ni: "Ohun tó bá ti jóná tán, uná kì í tún un jó."

Ìdì èèpo igi yẹn, ìrà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sè é, omi rẹ̀ ki, ó sì ń fà díẹ̀. Òun ni wọ́n fi po ilẹ̀pa náà. Àkísà àti àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi pa á mọ́ ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tí àwọn, èmi àti Tóyìn jọ ń sùn. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n tún un pa, wọ́n wá fi òkúta odò kan tó ń dán họ̀ ọ́ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí, yàrá wa dà bí ojú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Ó sì ń rùn bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, tí ọ̀rinrin wọlé, òórùn ilẹ̀ tútù á gba gbogbo yàrá. Tóyìn ò lè fara dà á. Yóò lọ síbi ògiri, yóò yọ ahọ́n, yóò lá a. Màmá Ìkọ̀lé á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń po ìyókù, wọ́n ki ìka bọ inú abọ́, wọ́n fi kan ahọ́n ọmọ náà. "Ilẹ̀ ni," wọ́n sọ fún mi, nítorí mo ń wò wọ́n. "Ilẹ̀ kì í pa ọmọ. Bàbá rẹ pàápàá jẹ ẹ́." Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo fẹ́ẹ́ jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n sí Bàbá Yẹ́lò. Yàrá tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun yẹ́lò ni wọ́n wà nílé iṣẹ́ ọ̀dà náà, ìyẹ̀fun náà kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀ nílé iṣẹ́. Ó wà nínú irun imú wọn, ó wà lábẹ́ èékánná wọn, ó wà ní kọ́là aṣọ iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá làágùn, hańkáṣíìfù funfun á di yẹ́lò. Wọ́n ń fi yangàn. Bí bọ́ọ̀sì Èkó kan bá kọjá, wọ́n á na ìka sí i: "Wò ó, Yẹ́misí. Ọwọ́ mi nìyẹn." Bí a bá rìn kọjá ibi tí wọ́n fa ìlà sí lójú títì, wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi nìyẹn náà." Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ máa ń fún àwọn tó wà ní yàrá yẹ́lò ní mílìkì alágolo kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n mu ún kó lè fọ àyà wọn. Bàbá mi kì í mu tiwọn. Inú àpò ni wọ́n ń gbé e sí wálé, wọ́n á lù ú lórí, wọ́n á dà á sínú ẹ̀kọ tèmi àti ti Tóyìn. Mo ṣì rí wọn bí wọ́n ṣe ń dúró lórí wa, ọwọ́ yẹ́lò mú agolo náà, wọ́n ń wo bí a ṣe ń mu ún.

Wọ́n tún ń kó àpò ìyẹ̀fun náà wálé. Àpò tí ìyẹ̀fun yẹ́lò bá ti tán nínú rẹ̀ le dáadáa, kò sẹ́ni tó ń jù ú nù lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi rán méjì pọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ Tóyìn torí pé ó ń tọ̀ sílé. Àwọn yòókù wà ní kọ̀rọ̀ yàrá wa, lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi ń gbọn ìyókù inú wọn jọ sínú ike, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n ń ha nísàlẹ̀ gáláwà, kó lè tó ilé kùn. Ìdí pàtàkì wà tí wọ́n fi ń kánjú. Ọ̀rẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́, Mùfú, wá kí wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó yọjú sí yàrá wa, ó rí ògiri. "Bàbá Yẹ́lò," ló wí, "ṣé inú kòtò lẹ ń gbé ni? Àwa ń kun Èkó, ẹ̀yin ń fi ẹrẹ̀ pa ilé." Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, wọ́n dúró síwájú ògiri ìyá wọn fún ìgbà pípẹ́. "Màmá ti sọ mí di ará oko," ni wọ́n sọ fún ìyá mi. "N óò kun ún kí Kérésì tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọn àpò yẹn o. N óò na ẹni tó bá fọ́n ọn dànù."

Mo fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ti ń fi pamọ́ nìyí. Ní ọ̀sán, tí ìyá mi ò bá tíì dé láti ilé ìwé, tí Màmá Ìkọ̀lé sì wà lẹ́yìn ilé níbi ọlọ wọn, èmi àti Tóyìn máa ń ṣeré ọjà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo ń ta gàrí. Ìyẹ̀fun yẹ́lò náà dà bí gàrí elépo lójú mi, ó kúnná ju gàrí lọ, ó sì dára ju gàrí lọ. Mo ń fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n. Tóyìn ni oníbàárà mi. "Ẹ bù sí i," ló máa ń wí, nítorí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi lọ́jà. N óò bù sí i. Òun kò mọ̀ pé eré ni. Oníbàárà tó bá ra gàrí, ṣebí yóò jẹ ẹ́. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àwa mọ̀ pé kì í ṣe gàrí, a sì pè é ní gàrí. Màmá Ìkọ̀lé ká wa mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò pariwo. Wọ́n fà wá lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fi ìka ro ẹnu Tóyìn. "Ẹ má fi nǹkan yẹn ṣeré mọ́. Ilẹ̀ tèmi, mo mọ inú rẹ̀. N ò mọ inú ìyẹn." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ. Mo jáwọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó pọ̀ jù, márùn-ún. Lẹ́yìn náà mo tún ṣí ọjà mi.

Inú ló kọ́kọ́ ń run Tóyìn. Yóò dì mọ́ ikùn rẹ̀, yóò ká jọ. Kì í lè yàgbẹ́. Ó ń bì. Lẹ́yìn náà, orin rẹ̀ dákẹ́. A kọ́kọ́ rò pé ó kàn ń bínú ni. Ọmọ tó ti ń sọ pé "ẹ bù sí i", tó ti ń pe Màmá Ìkọ̀lé ní "Mámà, Mámà" láti òwúrọ̀, ó wá ń nàka lásán. Ìyá mi gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan lápá ọ̀dọ̀ wa, mo tẹ̀ lé wọn, mo gbé báàgì. Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn rẹ̀, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò. "Ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ọmọ yìí. Kí ló ń jẹ?" "Ohun tí gbogbo wa ń jẹ." "Kò jẹ nǹkan mìíràn? Àwọn ọmọ tó bá rí báyìí, wọ́n máa ń jẹ nǹkan." "Ó ń lá ògiri," ni ìyá mi wí. "Ògiri wo?" Ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Nọ́ọ̀sì ló bi mí: "Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí lo rí?"

Mo ti bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìbéèrè yẹn láti ìgbà náà. Iṣẹ́ ìròyìn tí mo fi ń jẹun ni. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó wó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó jóná, pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́, tí mò ń bi ẹni tó wà níbẹ̀ pé kí lo rí. Mo mọ ohun tí ojú ẹlẹ́rìí máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ yan èyí tí yóò sọ nínú ohun tó rí. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é. "Màmá ni," mo sọ fún nọ́ọ̀sì. "Wọ́n ń fi ìka fún un ní ilẹ̀ jẹ." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo kan dákẹ́ síbi tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ṣe ẹjọ́ náà ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Ìyá mi ò jókòó. "Ẹ bi wọ́n," ni wọ́n ń sọ fún bàbá mi. "Ẹ bi ìyá yín bóyá wọ́n ń fún ọmọ mi ní ilẹ̀ jẹ." Màmá Ìkọ̀lé wà lórí àpótí. "Mo fún un," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń lá a fúnra rẹ̀, mi ò lé e." "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Ẹ gbọ́?" Bàbá mi fọwọ́ bojú. "Màmá, kí ló dé?" "Ilẹ̀ tí mo fi tọ́ ẹ ni." "Màmá, Èkó nìyí. Kì í ṣe Ìkọ̀lé." Èmi ni Màmá Ìkọ̀lé ń wò. Ojú wọn ò le. "Yẹ́misí," ni wọ́n wí, "ṣé gbogbo ohun tí o rí nìyẹn?" Gbogbo wọn dúró dè mí. Àwọn àpò wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó kù díẹ̀ kí n máa rí wọn láti ibi tí mo dúró sí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Wọ́n mi orí, bí ẹni tó ra nǹkan tó sì ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn ò tú àṣírí mi. Wọ́n ti ṣèlérí fún mi. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Mo ti bínú sí wọn nítorí ìyẹn ju ohunkóhun lọ, mo sì mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú náà.

Lọ́jọ́ kejì ni bàbá mi sìn wọ́n lọ wọ mọ́tò Èkìtì. Ọlọ wọn ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, ó wúwo jù láti gbé. Tóyìn tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ tí Màmá Ìkọ̀lé sọ kẹ́yìn nílé náà, ìyá mi ni wọ́n sọ ọ́ fún: "Ẹ má jẹ́ kó máa sùn lórí àpò yẹn." Ìyá mi rò pé wọ́n fẹ́ fi àbùkù kan òun ni, pé òun ò ní aṣọ tẹ́ sábẹ́ ọmọ. Wọ́n pòṣé. Àpò náà ò kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin. Wọ́n fẹ́ ha ilẹ̀pa náà kúrò kí ọmọ má bàa rí i lá mọ́. Wọ́n ha á láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Eruku díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ògiri ò yéé pọ́n. Ó ti wọnú sìmẹ́ńtì lọ. Wọ́n da omi sí i, wọ́n da kẹrosíìnì sí i. "Irú kí nìyí?" ni wọ́n ń bi ara wọn. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n ṣí ike tí wọ́n ti ń gbọn yẹ́lò jọ sí, wọ́n pò ó kó ki, wọ́n sì kun ún bo pupa náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kun ún, torí pé pupa ń yọjú. Mo bá wọn gbé fìtílà. Nígbà tí wọ́n parí, yàrá náà tàn bí inú ẹyin. Mùfú wá wò ó, ó ní, "Èyí ni ilé." Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Tóyìn sí kí ara rẹ̀ lè yá. Bí ó ti máa ń lá pupa ló ń ṣí èyí náà jẹ; ó máa ń bó pélébé pélébé, ó rọrùn fún èékánná ọmọdé. Kò tó oṣù méjì tí gìrì fi gbé e ní ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ṣíbí tí Ìyá Súbú ki sí i lẹ́nu. Ìyá mi ń pariwo pé ilẹ̀ tí ìyá yẹn fún un jẹ kò tíì jáde nínú rẹ̀. Gbogbo wa ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà á. Ó rọrùn fún mi láti gbà á.

Kò kú. Àwọn ènìyàn a máa dúpẹ́ nígbà tí mo bá sọ ìyẹn. Ara rẹ̀ dàgbà, ó ga jù mí lọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ṣíbí márùn-ún kó kà á, yóò kó gbogbo rẹ̀ padà lé yín lọ́wọ́. Màmá Ìkọ̀lé ò rí i mọ́. Kí iṣu tuntun tó jáde ni wọ́n kú. Àbúrò bàbá mi tó wà lọ́dọ̀ wọn sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé àwọn obìnrin ìjọ ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọn kì í sì í gbé ọmọ wọn fún wọn mọ́. "Màmá á na ọwọ́ láti gba ọmọ," ló wí, "ìyá ọmọ á ní ebi ń pa á, á gbé e kọjá." Ìyá mi náà ti kú. Wọ́n gbé ìbínú náà lọ, wọn ò mọ̀ pé wọ́n ṣi ẹni tó ni ín.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, tí àwọn ọmọ tó wà láyìíká rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo bá obìnrin kan lọ, onímọ̀ kẹ́míkà, tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ń ka bí àìsàn náà ṣe ń mú ọmọdé fún mi, mò ń kọ ọ́: inú á máa run ún, kò ní lè yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ọ̀rọ̀ á kúrò lẹ́nu rẹ̀, gìrì á gbé e. Bírò mi dúró. Ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Mo ní mo gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ sí Ìfàkò, mo ṣí ọ̀dà díẹ̀ lára ògiri yàrá wa, mo gbé e fún un nínú ọ̀rá. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó pè mí wá. Ó ní, "Òjé ni yẹ́lò yìí, òjé kan náà tó wà nínú bátìrì, wọ́n fi kúrómù pò ó. Ibo lẹ ti rí i?" Mo sọ fún un. Ó yí pélébé náà padà. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, tó pọ́n yìí?" Mo sọ ìyẹn náà fún un, ọlọ, àpáàdì, omi ìrà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe ti ẹ̀sín. "Ìyá yín àgbà mọṣẹ́. Irin ló wà nínú ilẹ̀pa, ṣùgbọ́n irin tó ti dípẹtà tán ni. Afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Oòrùn ò rí nǹkan kan mú lára rẹ̀ mọ́, òjò ò rí, sìmẹ́ńtì pàápàá ò rí. Ìyẹn ló ṣe ń dúró sára àpáta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èyí tó rúsúrúsú, omi ló há sínú rẹ̀. Iná ló lé omi náà jáde tó fi pọ́n." Mo bi í bóyá ó lè ṣe ọmọ tó bá lá a ní nǹkan. "Ilẹ̀ lè fún ọmọ ní aràn," ló wí. "Kì í gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Yẹ́lò yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi ò lè gbọ́ràn dáadáa mọ́, ìka wọn ń gbọ̀n. Mo gbé fóònù mi sáàárín wa lórí tábìlì, mo tẹ ìgbohùnsílẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ohun tí obìnrin náà sọ. Wọ́n gbọ́ ọ títí dópin. Ohùn wọn wà lọ́wọ́ mi, mo sì kọ ọ́ síhìn-ín bó ṣe jáde: "Wọ́n ní ká máa mu mílìkì. Èmi rò pé wọ́n ń kẹ́ wa ni. Mo ní, ẹ wò ó, ilé iṣẹ́ tó ń fún òṣìṣẹ́ ní mílìkì. Mo gbé e wá fún yín." Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Mùfú ti kú. Gbogbo yàrá yẹ́lò ti kú tán, ó ku èmi. Ilé iṣẹ́ náà ti di ilé ìjọsìn báyìí. Ta ni n óò lọ bi?" Wọ́n fa ọ̀pá wọn mọ́ra. "Mo lé ìyá mi." Ó yẹ kí n sọ ti gàrí nígbà náà. Mo wà níbẹ̀, fóònù ń ká ohùn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè nà mí mọ́. Mo ní, "Dádì, ẹ má ro ìyẹn." Mo tún dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta mi nìyẹn.

Mo sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha ògiri náà, pé mo ń wá àwọn tó mọ bí a ṣe ń ṣe é. N óò mú Tóyìn, tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, lọ sọ́dọ̀ mi títí wọn á fi parí. Bàbá mi ò dúró dè mí. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé kan ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, irin lórí ògiri. Wọ́n ti pe akunlé kan wá, ó ti ha apá kan tán. Yẹ́lò náà ti ṣú pẹ̀lú ọjọ́, atẹ́gùn gọ́tà ti sọ ọ́ di àwọ̀ ẹ̀dọ̀. Ó ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ ṣì jẹ́ yẹ́lò, eruku rẹ̀ bo gbogbo nǹkan, ara ògiri náà pẹ̀lú. Lábẹ́ rẹ̀, pupa Màmá Ìkọ̀lé ń kọ mọ̀nà, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkúta odò kúrò lára rẹ̀. "Bàbá, eléyìí ò ní ṣí o," ni akunlé náà ń wí. "Ó ti wọra. Ṣé kí n kun ún mọ́lẹ̀?" Bàbá mi wà lórí àga láàárín eruku náà, ọ̀pá wọn láàárín ẹsẹ̀. "Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Fi í sílẹ̀ fún Màmá." Mo ní kí akunlé náà jáde, kó lọ wẹ̀, kó má gbé aṣọ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú.

Ìgbà tí mo fi yíjú padà, Tóyìn ti wọlé. Kò wò mí, kò wo bàbá mi. Ó lọ tààrà síbi tó pọ́n, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ó fi imú kàn án. Ó yọ ahọ́n, ó lá a láti ìsàlẹ̀ sókè, bí ọmọ tó mọ ibi tí òun fi nǹkan sí. "Mámà," ló wí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi sáré lọ bá a, mo fà á kúrò lára ògiri, mo fi etí ìró mi nu ahọ́n rẹ̀, mo nù ún, mo tún un nù, ó ń bá mi jà. Mo wo aṣọ náà. Pupa kò sí níbẹ̀ rárá. Yẹ́lò ni.